Ẹ fi Iwobi sílẹ̀: bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rù ló gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ wa

Ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fi pamọ́ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi o. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bú mi.

Láti alẹ́ Sunday, ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024, tí Ivory Coast ti fi góòlù 2 sí 1 na àwọn Super Eagles wa ní Abidjan, mi ò tíì kọ nǹkan kan. Inú ló ń bí mi. Ẹni tínú ń bí, tó tún di fóònù mú, ẹ̀ṣẹ̀ ló máa fi tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni mo rí lọ́sẹ̀ yẹn tí mi ò lè gbé mì.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ Alex Iwobi. Wọ́n bú ọmọkùnrin yẹn títí tó fi kó àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram. Ahmed Musa, tó jẹ́ kápútẹ́ẹ̀nì wọn nígbà náà, ní láti jáde wá bẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo rò pé àwọn ọmọ ìta ló ń ṣe é, àfìgbà tí mo ṣí WhatsApp àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa. Ọmọ tó gbé orin ìyìn fún wa ní àárọ̀ Sunday, òun náà ló kọ ohun tí mi ò lè tún kọ síbí nípa ìyá Iwobi lálẹ́ Monday. Ẹnu kan náà ni o! Ìyá tí ẹ ń bú yẹn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni òun àti Jay-Jay Okocha tí ẹ̀ ń fi orúkọ rẹ̀ búra. Ẹ ò tiẹ̀ mọ ẹni tí ẹ̀ ń bú.

Ìkejì ni àwọn tó ní àwọn ayé ló ṣe é. Arákùnrin kan pè mí láago mẹ́fà ìdájí. Ó ní, "Daddy, ẹ̀yin náà ẹ rí i, wọ́n ti di ẹsẹ̀ Osimhen lókùn." Mo ní, "Ta ló dì í?" Ó ní, "Àwọn ará Ivory Coast ni, ilé wọn la ti gbá a." Mo bi í pé ṣé ó wo ìdíje náà. Ó ní iná ò sí ládùúgbò àwọn, rédíò lòun fi gbọ́ ọ. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí kò rí bọ́ọ̀lù ló rí àjẹ́.

Ìkẹta ni èmi fúnra mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Ní àárọ̀ Sunday yẹn, mo dúró lórí pẹpẹ, mo ní, "Kọ́ọ̀pù yìí ti di tiwa!" Gbogbo ìjọ kígbe Àmín. Ará mi, Ọlọ́run ò bá mi sọ nǹkan kan o. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ràn. Ohun tó wù mí ni mo sọ, mo sì fi ohùn àsọtẹ́lẹ̀ sọ ọ́. Ní ọjọ́ Monday, ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa wá bá mi ní ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ ti wú. Owó tó ti ń kó jọ láti fi ra fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, ó ti fi ta tẹ́tẹ́. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ti di tiwa." Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ti fún un ní owó fọ́ọ̀mù náà, mo sì ti bá a sọ òótọ́ nípa tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo yín, mo tọrọ àforíjì. Ohun tí Ọlọ́run ò sọ, kí pásítọ̀ má ṣe gbé e sí I lẹ́nu.

Ó yá, nígbà tí mo ti jẹ́wọ́ tèmi tán, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Torí ohun tó dùn mí jù ni pé a ń bú ẹni tí kò ṣẹ̀, a ń lé àjẹ́ tí kò sí níbẹ̀, a sì fi ẹni tó yẹ ká bi léèrè sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni José Peseiro, tó jẹ́ kóòṣì wa nígbà náà, ni mo fẹ́ bá wí. Mi ò ní bú u o. Bíbéèrè ni mo fẹ́ bi í.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kí ìdíje yìí tó bẹ̀rẹ̀, ta ló gbàgbọ́ nínú tíìmù yìí? Guinea-Bissau wá nà wá nílé wa ní Abuja ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ní oṣù kọkànlá, Lesotho bá wa gbá 1-1 ní Uyo. Lesotho o! Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Zimbabwe náà bá wa gbá 1-1. Ẹ̀yìn wa ń jò bí òrùlé ìgbà òjò. Ndidi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ó fara pa. Boniface náà fara pa. Nígbà tí Equatorial Guinea tún bá wa gbá 1-1 nínú ìdíje àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ yín ló ti pa tẹlifíṣọ̀n.

Ọkùnrin yẹn wá jókòó, ó ronú. Ó kó mẹ́ta sẹ́yìn: Ajayi, Troost-Ekong àti Bassey. Ó fi Nwabali sójú ilé, ọmọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tó ń ṣọ́lé fún Chippa United ní South Africa nígbà náà. Ilẹ̀kùn sì tì! Ivory Coast ò rí góòlù, 1-0. Guinea-Bissau ò rí góòlù, 1-0. Cameroon tí a máa ń bẹ̀rù látọjọ́ aláyé ti dáyé, 2-0. Angola, 1-0. Ìdíje mẹ́rin, ẹnì kan ò kan àwọ̀n wa. Ẹni tí kò bá yin Peseiro fún ìyẹn, aláìmoore ni. Wọ́n tiẹ̀ mú Troost-Ekong gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú gbogbo ìdíje náà. Ààrẹ Tinubu náà ti fún wọn ní oyè MON, pẹ̀lú ilé àti ilẹ̀ ní Abuja. Ó tọ́ sí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìdíje 7 la gbá. Góòlù 8 la jẹ. Nínú 8 yẹn, Troost-Ekong tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ló jẹ 3, pẹ́nárítì sì ni 2 nínú rẹ̀. Ọ̀kan, ọmọ Guinea-Bissau ló fúnra rẹ̀ gbá a sílé ara wọn. Lookman jẹ 3. Osimhen wá ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo. Ìdíje àkọ́kọ́ ló ti jẹ ẹ́, ó tán.

Osimhen tí mò ń sọ yìí, ọmọ Olúsọ́sùn l'Ékòó ni, góòlù 26 ló jẹ nínú líìgì Ítálì ní sáà kan, òun ni gbogbo Áfíríkà mú gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní 2023. Kí la fi í ṣe? A fi í ṣe ọlọ́dẹ! Ó ń sáré padà wá sẹ́yìn, ó ń bá wọn gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Tí bọ́ọ̀lù bá wá dé iwájú, òun nìkan ló máa wà láàárín ènìyàn mẹ́ta. Àwọn bàbá wa ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn àtijẹ góòlù, a ní kó wá bá wa ti ilẹ̀kùn.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ti kìlọ̀ fún wa ní ọjọ́ Wednesday, ọjọ́ 7 oṣù kejì, ní Bouaké. Ẹ rántí ìdíje South Africa? Ìṣẹ́jú 67, Troost-Ekong gbá pẹ́nárítì wọlé. Dípò ká tẹ̀ síwájú, gbogbo wa kó padà sílé, a jókòó, a ń wo aago. Àwọn ọmọ South Africa ń bọ̀, ń bọ̀, ń bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Osimhen jẹ góòlù, a fò sókè, VAR ní rárá, wọ́n ti gbá ọmọ South Africa ṣubú nílé wa kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀hún. Pẹ́nárítì! Ìṣẹ́jú 90, 1-1. Àwọn ìròyìn tiẹ̀ sọ pé àwọn kan kú níbi tí wọ́n ti ń wo ìdíje yẹn. Àyà ò gbà á. Ọlọ́run ló fi ọwọ́ Nwabali yọ wá nígbà tí wọ́n ń gbá pẹ́nárítì kòmẹ́sẹ̀-ó-yọ, ó mú méjì.

Báwo la ṣe gba ìyẹn? Ẹ̀rí la fi ṣe. Èmi náà jó. Ìkìlọ̀ ni, àwa sì ń pè é ní ìṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ ohun tí a máa ń jẹ́rìí sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tí tírélà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá lẹ́ẹ̀kan nítorí eré àsápajúdé, kó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kó dín eré kù!

Ó wá di Sunday. Ìṣẹ́jú 38, wọ́n gbá kọ́nà, Troost-Ekong fò, ó fi orí kàn án, góòlù! Gbogbo ilé wa mì. Ìyàwó mi tí kì í wo bọ́ọ̀lù sáré jáde láti kíṣìnì. Àwọn èrò tó kún pápá Ebimpé yẹn dákẹ́ lọ gbári. Ẹ̀rù ti bà wọ́n. Àsìkò gan-an nìyẹn tó yẹ kí ẹyẹ Idì gbára, kó fò, kó jẹ èkejì. Kí la ṣe? A tún wọlé, a ti ilẹ̀kùn.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ Iwobi ti wọlé. Ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ilẹ̀kùn mẹ́ta, ọjọ́ ìkórè ni, èrò ń rọ́ wọlé. A wá fi usher méjì síbẹ̀. Méjì! Wọ́n ń sáré láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì, òógùn bo wọ́n. Tí olè bá gba ilẹ̀kùn kẹta wọlé, ta lẹ máa bú, ṣé usher ni àbí ẹni tó yan méjì?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní àárín pápá, Iwobi àti Onyeka nìkan la ní. Àwọn ọmọ Ivory Coast ní mẹ́ta: Seri, Kessié àti Seko Fofana. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wà láàárín, ẹnì kan máa ń ṣẹ́kù fún wọn. Iwobi tí gbogbo ayé mọ̀ pé iwájú ló ti máa ń fi bọ́ọ̀lù dárà, a ní kó wá ṣe iṣẹ́ Ndidi. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, láàárín ènìyàn tó ju tiwọn lọ, fún ìdíje odindi méje. Ó ṣe é débi tí agbára rẹ̀ dé. Nígbà tó wá rẹ̀ ẹ́, ẹ ní òun ló tà wá.

Ìṣẹ́jú 62, Adingra gbá kọ́nà, Kessié fi orí kàn án, 1-1. Ìṣẹ́jú 81, Adingra náà tún gbé e láti ẹ̀gbẹ́, Haller na ẹsẹ̀ sí i, 2-1. Ẹ jẹ́ kí n béèrè: nínú góòlù méjì yẹn, èwo ni Iwobi gbá sílé wa? Èwo ni àjẹ́ gbá? Bọ́ọ̀lù méjèèjì wá nítorí pé a jẹ́ kí wọ́n wá. Ẹni tó bá jókòó sílé tó ń dúró de olè láti ìrọ̀lẹ́, olè á dé.

Ẹni tó gbá èyí tó pa wá yẹn, Haller, ẹ mọ ìtàn rẹ̀? Ní 2022 ni wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Àwọn míì á ti ní ó ti tán fún un. Tíìmù rẹ̀ pàápàá, Equatorial Guinea fi góòlù 4 sí òdo nà wọ́n nílé wọn nínú ìdíje yìí kan náà. Wọ́n lé kóòṣì wọn láàárín ìdíje, wọ́n fa ìdíje lé Emerse Faé lọ́wọ́. Wọ́n di ènìyàn mẹ́wàá níwájú Mali, wọ́n ṣì borí. Àwọn yẹn ò ní nǹkan kan tí wọ́n lè pàdánù mọ́, ni wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù wọn láìbẹ̀rù. Àwa ní góòlù kan, a wá bẹ̀rù kí ó má bọ́. Ó sì bọ́.

Kì í sì ṣe òní la bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1994 ní Amẹ́ríkà? Àwa àti Ítálì. Amuneke ti jẹ góòlù fún wa láti ìṣẹ́jú 25. Wọ́n lé Zola jáde, Ítálì di mẹ́wàá. A ń gbá bọ́ọ̀lù síbí sọ́hùn-ún, à ń dúró de fèrè. Ó ku ìṣẹ́jú méjì, Roberto Baggio dá a padà. Nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un, ó gbá pẹ́nárítì, a kó ẹrù wa, a wálé. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ọmọ yẹn kan náà ló gba kọ́ọ̀pù Áfíríkà ní Tunisia. Zambia ló kọ́kọ́ jẹ góòlù lọ́jọ́ náà, Amuneke dá a padà kíá, nígbà tí ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀ ó tún jẹ èkejì. Nígbà tí góòlù wà lára wa, a sáré, a gba kọ́ọ̀pù. Nígbà tí góòlù wà lọ́wọ́ wa, a jókòó, a pàdánù. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, a ò tíì kọ́ ọgbọ́n.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 13, ẹ kà á fúnra yín nílé. Èlíṣà ń ṣàìsàn tí yóò pa á. Jóáṣì ọba Ísírẹ́lì wá bẹ̀ ẹ́ wò. Wòlíì ní kó mú ọfà rẹ̀, kó fi lu ilẹ̀. Ọba lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró. Inú bí wòlíì! Ó ní ó yẹ kó lù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà, nígbà náà ni ì bá pa Síríà run pátápátá. Ẹnì kankan ò sọ fún ọba pé kó dúró. Àjẹ́ kankan ò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọfà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pinnu pé ó tó. Ẹ̀yin ará, bọ́ọ̀lù Peseiro nìyẹn. Ó lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ọfà sì kún apó rẹ̀: Osimhen, Lookman, Chukwueze, Simon, Iheanacho.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa kọ sísàlẹ̀ pé, "Pásítọ̀, ṣebí dídi ẹ̀yìn mú náà ló gbé wa dé fáìnà?" Òótọ́ ni. Mi ò ní kí a wó ògiri. Nehemáyà náà kọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá a kọ́ ọ, ọwọ́ kan di ohun ìjà mú, ọwọ́ kejì ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ò dúró! Ògiri wà fún kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ láti jáde lọ ṣiṣẹ́ ni. Ẹni tó kọ́ ògiri tán tó wá kó sẹ́yìn rẹ̀, tó ń gbọ̀n, ẹ̀wọ̀n ló kọ́ fún ara rẹ̀.

Àdéhùn Peseiro parí lóṣù kejì ọdún 2024. Àwọn kan ní kó dúró, àwọn kan ní kó máa lọ. Èmi ò sí nínú àwọn tó ń yan kóòṣì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ ẹni tó mọ wọn ní NFF, ẹ bá mi sọ fún wọn: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ di kóòṣì wa, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó buwọ́ lùwé. "Tí a bá ti jẹ góòlù kan, kí lo máa ṣe?" Tó bá ní òun máa dì í mú, ẹ ní kó máa rọra lọ.

Tiwa wá ńkọ́? Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní góòlù kan, tí ẹ jókòó lé e. Ìwọ tó o rí iṣẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí o ò tún kọ́ nǹkan kan mọ́. Ìwọ tí ìgbéyàwó rẹ dùn lọ́dún àkọ́kọ́, tó o ní ó ti parí. Èmi pásítọ̀ tí ìjọ kún, tí mi ò wàásù láàárín ọjà mọ́ bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù ló pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ọgbọ́n. Tí nǹkan bá wá bọ́ lọ́wọ́ wa, a ó wá ẹni bú. Tí a ò bá rí ẹni bú, a ó ní àwọn ayé ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, mo ń bá yín sọ̀rọ̀ bíi bàbá. Ẹni tó bá ti kọ èébú nípa Iwobi, kó lọ pa á rẹ́ lónìí, kó sì kọ ọ̀rọ̀ rere sí ojú ewé rẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ ara yín. Ní ọjọ́ Sunday, tí mi ò bá rí i pé ẹ ti pa á rẹ́, ẹ má gbé máíkì o. Mo wí tèmi.

Olúwa, dárí jì wá nítorí ẹnu wa. Tu Alex Iwobi nínú níbikíbi tó bá wà. Mú ẹ̀mí ìbẹ̀rù kúrò lára wa, lára tíìmù wa, lára orílẹ̀-èdè wa. Èyí tó o bá fún wa, má jẹ́ ká jókòó lé e. Ní orúkọ Jésù.

Ẹni tó bá gbà á, kó ṣe Àmín, kó sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò bá gbà, ẹ wá ká jíyàn nísàlẹ̀, mò ń bọ̀ lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ má bú ìyá ẹnikẹ́ni.